Gbàgede fún ẹ̀yà púpọ̀ ní Sábó, Ìbàdàn: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán-ilé kan

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ yìí wà ní ọdún àṣekágbá oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé nígbà tó mú àkọlé rẹ̀ wá: gbàgede kan tí oríṣìíríṣìí ẹ̀yà yóò jọ máa lò ní etí Sábó, níbi tí àdúgbò náà ti kan Mókólà, nílùú Ìbàdàn. Mo wà lára àwọn olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà. Ọ̀nà tó gbà ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí rí.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó sún un dé ìdí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn yìí kan náà, láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá tí wọ́n ti jọ ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀mí bọ́, ilé àti ìsọ̀ jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òun fẹ́ ya ibi tí yóò máa rán àwọn ènìyàn létí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Èrò rere ni, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn sí i. Ṣùgbọ́n èrò náà ló kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀nà tí kò yẹ.

Ẹni tí kò bá mọ Sábó lè rò pé àlejò ló kún ibẹ̀. Ọdún 1916 ni wọ́n ti ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò Haúsá, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Obì ń ti ìhà ibí gòkè lọ sí Àríwá, màlúù ń ti Àríwá sọ̀kalẹ̀ wá. Àwọn baálé ilé ní Sábó ló ń gba oníṣòwò tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé sílé, wọ́n ń bá a wá oníbàárà, wọ́n sì ń ṣe onídùúró fún un. Àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀ ti di arúgbó báyìí, ọmọ-ọmọ wọn ti wà nílé ìwé, wọ́n sì ń sọ Yorùbá bí ará Bẹẹrẹ. Yorùbá tó jẹ́ mùsùlùmí bíi tiwọn pọ̀ ní Ìbàdàn ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ní Mókólà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Íbò wà, Ìgbìrà wà, Tápà wà. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà ní Kánò náà. Àwa ará Gúúsù la kún tọ̀hún.

Gbogbo èyí wà nínú orí kejì ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa. Àwòrán àkọ́kọ́ tó gbé wá kò fi hàn rárá pé ó kà á.

Ó ti wo Superkilen, gbàgede tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012 ní àdúgbò Nørrebro, ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́ńmáàkì. Ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé BIG, ilé iṣẹ́ ayàwòrán-gbàgede Topotek 1 àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Superflex ló jọ ṣe é. Wọ́n kó ohun èlò ìgboro láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 jọ síbẹ̀: bẹ́ńṣì, àmì ojú títì, ìsun omi láti Mòrókò, ohun ìṣeré ọmọdé láti Japan. Akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ọgbọ́n náà wá sí Sábó. Ó ya òbìrí ńlá kan, ó fi ìsun omi sí àárín, ó sì fi òpó mẹ́fà yí i ká, òpó kan fún ẹ̀yà kan. Ère gángan wà lórí ti Yorùbá. Ti Haúsá ní ẹnu ibodè bíi ti odi Kánò. Ó fín ìlà ulì, ọnà tí àwọn Íbò máa ń yà sára àti sára ògiri, sára ti Íbò. Àwòrán náà fa ojú mọ́ra, ó sì mọ́ tónítóní.

Nígbà tó gbé e wá síwájú jury, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò bi í pé: "Ta ni yóò jókòó níbí láago méjì ọ̀sán?" Ó ní gbogbo ènìyàn ni. Olùyẹ̀wò náà ní kó fi ìka tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo tí ènìyàn lè jókòó sí tí oòrùn kò ní sun ún. Ó wo àwòrán rẹ̀ títí, kò rí ibi tó máa tọ́ka sí.

Lójú tèmi, ohun tó burú jù ni pé ó mú ohun tí ojú rí ní Superkilen, ó sì fi ohun tó gbé e ró sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò Nørrebro ni wọ́n lọ bá, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé wá láti ibi tí wọ́n ti wá. Superflex tiẹ̀ bá àwọn kan nínú wọn rìnrìn àjò lọ wá nǹkan náà, títí dé Palẹ́sítínì àti Jàmáíkà. Ọ̀rọ̀ táwọn ará àdúgbò sọ ló di nǹkan tó wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Òpó mẹ́fà tiwa, orí tábìlì sítúdíò ló ti hù. A ní kó gbé àwòrán náà kúrò lójú ná, kó lọ sí Sábó.

Fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló kọ́kọ́ gbé lọ. "Ṣé ẹ fẹ́ gbàgede ìṣọ̀kan ní àdúgbò yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn gbogbo wọn. Ta ló fẹ́ kó sọ pé rárá? Àwọn kan bi í bóyá ìjọba ló rán an. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ní òun kò ní kọ orúkọ òun sórí ìwé kankan, pé bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ṣe máa ń wá nìyẹn kí katapílà tó dé. Ìdáhùn ọmọkùnrin yẹn nìkan ni mo rí ẹ̀kọ́ dì mú nínú gbogbo fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó ń pàtẹ létí títì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń sọ pé àwọn fẹ́ tún ibì kan ṣe, àfàìmọ̀ kí wọ́n má lé òun kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin alápatà kan ló là á lóye pé kò lè máa kiri àdúgbò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ Sẹ́ríkí, olórí àwọn Haúsá àdúgbò náà. Ó gbé obì, ó lọ, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì ní kó mú àwòrán rẹ̀ jáde kí àwọn wò ó. Bàbá kan lára àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ wo òpó mẹ́fà náà pẹ́, ó wá ní: "Ọmọ mi, ère tó o gbé síbí, ta ni yóò máa jókòó tì í? Ṣebí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí nìyí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní: "Sábó ni wọ́n bí èmi sí. Ìyá tó bí mi, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Nínú òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, èwo ni tèmi?"

Nígbà tó padà dé sítúdíò tó sọ ọ́ fún wa, kò sí olùkọ́ tó tún ní láti bá òpó yẹn jà. Ìbéèrè bàbá náà ti wó o. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa pín sí ẹ̀yà mẹ́fà lórí ìwé ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti bímọ fún ara wọn, wọ́n ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí kan náà, wọ́n sì ń jẹ ara wọn lówó. Bí a bá wá gbé òpó kalẹ̀ fún wọn, àwa la fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe yà sọ́tọ̀.

Ọ̀nà tó gbà lẹ́yìn èyí kò ní ariwo. Ó ya pláànù ilẹ̀ náà sójú ewé púpọ̀, ewé kan fún wákàtí kan, ó sì ń fi àmì sí ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan dúró tàbí jókòó sí, ohun tó ń ṣe, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọmọdé tàbí àgbà. Jan Gehl, ayàwòrán-ilé ará Dẹ́ńmáàkì, ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1960. William Whyte, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí nípa ìgboro, náà fi kámẹ́rà ṣe irú rẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1970. Kò ná akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan ju ìwé, pẹ́ńsù àti sùúrù lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é níbí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, kì í fi í ríran. Jíjókòó pẹ́ níbì kan ló ń la ojú náà.

Igi dóńgóyárò kan wà lórí ilẹ̀ yẹn. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ó ti gé e kí òbìrí rẹ̀ lè gún régé. Ní báyìí, ó rí i pé abẹ́ igi yẹn ni gbogbo ìgbésí ayé ibẹ̀ wà. Ọkùnrin kan ń ta tíì, búrẹ́dì, ẹyin díndín àti Indomie níbẹ̀, ó ní bẹ́ńṣì onígi gígùn kan. Láàárọ̀, tí oòrùn bá ń ti ìlà-oòrùn yọ, ibòòji máa ń na sí ìwọ̀-oòrùn igi náà, ibẹ̀ ni bẹ́ńṣì máa ń wà. Bí oòrùn ṣe ń rìn, onítíì ń gbé bẹ́ńṣì yí igi ká. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ńṣì ti wà ní òdìkejì, ó ti sún mọ́ ojú títì, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sì lè já bọ́ láti orí ọ̀kadà sórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ya ibòòji igi náà ní wákàtí-wákàtí, ó sì ya ibi tí bẹ́ńṣì wà lé e lórí. Àwòrán yẹn nìkan sàn ju gbogbo ohun tó ti yà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ta ló ń jókòó sórí bẹ́ńṣì náà? Ọlọ́kadà Yorùbá tó ń retí èrò. Alápatà Haúsá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tán. Ọmọ Íbò tó ń ta ohun èlò fóònù, tó ń dúró kí Indomie rẹ̀ jinná. Ìyàwó ilé tó ń dúró de ẹni tó ń ran bàtà rẹ̀. Èjìká ń kan èjìká. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wá síbẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ pàdé ẹ̀yà mìíràn. Oníkálùkù wá nítorí ohun tirẹ̀, ohun náà ò sì tíì yá, ó ní láti dúró. Nínú ìdúró yẹn ni ẹnì kan ti ń sọ pé iná ò sí láti àná, tí ẹlòmíràn á dá a lóhùn, tí ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín.

Ibí ni iṣẹ́ náà ti yí padà, èyí sì ni mo gbàgbọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn: ibi ìdúró ni ká yà. Bí a bá wá ohun tí oríṣìíríṣìí ènìyàn ń dúró dè, tí a sì mú kí ìdúró náà tù wọ́n lára, ìpàdé á ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó wá dán ọ̀rọ̀ ìjókòó wò. Ó tọrọ pákó méjì lọ́wọ́ káfíńtà, ó fi bùlọ́ọ̀kù gbé wọn. Nígbà tó tò wọ́n kí wọ́n dojú kọ ara wọn, àwọn tó mọ ara wọn nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wà ní ọ̀kan, àjèjì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó jókòó kojú rẹ̀. Nígbà tó yí méjèèjì kí wọ́n kọjú sí títì, wọ́n kún. Ẹni méjì tí kò mọ ara wọn lè jọ máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá láìsí pé ẹnì kan ń wo ẹnì kejì lójú. Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Bí àgbàlagbà bá wà lórí bẹ́ńṣì, ọ̀dọ́ kì í fẹ́ jókòó sí ibi tó ga bíi tirẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin á lọ jókòó sórí etí gọ́tà tàbí kí wọ́n lóṣòó, Yorùbá ni o, Haúsá ni o. Nítorí náà, nínú àwòrán tuntun, ìjókòó ní ìpele méjì: bẹ́ńṣì gíga tó ní ẹ̀yìn, àti etí kọńkéré tó lọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́. Àgbà rí ibi jókòó, ọmọdé rí ibi jókòó láìjẹ́ pé ó rí i fín, wọ́n sì lè jọ sọ̀rọ̀.

Ìwé wákàtí náà tún fi àìsí hàn. Obìnrin Yorùbá àti Íbò pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin Haúsá tó ti wà nílé ọkọ kankan ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ẹ̀há. Nítorí pé obìnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Nínú àgbàlá ló ti rí i pé mááṣà, fùrá àti àkàrà tí àwọn ọmọ ń gbé kiri gbàgede náà, inú ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá kan ní: "Èmi ò jáde, àmọ́ ọjà mi ń jáde lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ yìí ló ń bá mi jáde." Akẹ́kọ̀ọ́ wa bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ibi ìjókòó níta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi ni wọ́n ní kó gbé wá, ẹ̀rọ omi tí ọmọ lè dé láìsọdá títì, kó sì wà níbi tí àwọn ti lè rí ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà.

Ìsun omi àárín òbìrí di ẹ̀rọ omi etí ilé báyìí. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn agbo ilé náà, ó sì fi ibi tí àwọn ọmọ lè gbé àtẹ kalẹ̀ sí ìtòsí rẹ̀, lábẹ́ òrùlé kékeré. Ẹ̀rọ kan náà ni mùsùlùmí yóò fi ṣe àlùwàlá, òun ni onítíì yóò bu sínú kẹ́tù, òun ni alápatà yóò fi fọwọ́. Ó ya ojú gọ́tà tí omi ìdọ̀tí yóò gbà lọ kí ibẹ̀ má baà di ẹrẹ̀. Mo fi èyí yangàn fún un níwájú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ojú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ Ṣáṣá padà wá nígbà yìí, lọ́nà tí kò retí. Ó tún ka ìròyìn ọdún 2021, ó sì rí i pé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe gbé e, orí tòmátò tó dà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ẹni tó ń gbé ẹrù àti àwọn tó wà nídìí ìsọ̀ níbẹ̀. Ohun tó mú kí ó di ìjà ẹ̀yà ju tòmátò lọ, kò sì sí àwòrán ilé tó lè pa irú iná bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kan iṣẹ́ tiwa gbọ̀ngbọ̀n: ẹrù tó ń kọjá ní ọ̀nà tóóró, ìsọ̀ tó ti yọ sí ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ilẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù parí sí àti ibi tí ojú ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ó padà lọ wo àwọn tó ń ti ọmọlanke ní Sábó. Ó rí i pé níbi tí wọ́n ti ń sọdá gọ́tà lórí pákó ni ariwo ti máa ń sọ, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọjá, táyà á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Ó fi téèpù wọn ọmọlanke, ó ya ọ̀nà tí méjì lè pàdé lórí rẹ̀ láìfara kanra, ó fi ìdagẹ̀rẹ̀ dípò àtẹ̀gùn, ó sì fi òkúta aláwọ̀ mìíràn pààlà sáàárín ọ̀nà àti ibi àtẹ. Bí ẹrù bá dà, gbogbo ènìyàn mọ orí ilẹ̀ ta ló dà sí.

Ìrun Jímọ́ọ̀ ló mú àríyànjiyàn tó le jù wá. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn olùjọ́sìn máa ń kún títí dé orí ilẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òun yóò ya ìlà sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ onígbàgbọ́ ní bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí nìyẹn, ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tó ṣe sí i wú mi lórí. Ó jẹ́ kí ìlà òkúta tí a tẹ́ sílẹ̀ kọjú sí gábásì, ìhà tí mùsùlùmí ń kọjú sí kírun, ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá díẹ̀, ó sì fi àlàfo tó tó ìtẹ́ ẹní sáàárín ìlà kan sí èkejì. Kò fi àmì kankan sí i. Ní ọjọ́ yòókù, àwọn ìlà náà ni oníṣòwò yóò fi to àtẹ. Ó gbé pláànù méjèèjì lọ fi han oníṣọ́ọ̀bù náà, ti Jímọ́ọ̀ àti ti Sátidé. Ọkùnrin náà wo ti Sátidé, ó wá ibi tí àtẹ tirẹ̀ yóò wà, ó ní kí wọ́n sún un kúrò lójú òjò. Bí ẹnì kan bá ti ń bá ọ bínú nítorí ibi tí àtẹ rẹ̀ wà, ó ti gbà pé ibẹ̀ jẹ́ tòun náà.

Ní ti ohun èlò kíkọ́, a ní kó gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà ní Mókólà, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán-ilé Demas Nwoko, ẹni tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ ní Biennale Venice, ìpàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé àgbáyé, ti ọdún 2023. Nwoko ti fi bùlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa mú bùlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa fún bẹ́ńṣì àti ògiri kúkúrú. Bíríkìlà àdúgbò lè tún un ṣe.

Níwájú jury ìkẹyìn, olùyẹ̀wò kan tó wá láti ìta bi í pé níbo ni iṣẹ́ ayàwòrán-ilé wà nínú rẹ̀, pé igi, bẹ́ńṣì àti ẹ̀rọ omi nìkan lòun rí. Ó tẹ́ ìwé wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, láti ìrun àárọ̀ títí di ìgbà tí onísúyà ń palẹ̀ mọ́, ó sì fi ohun tí ó yà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan hàn. Wọ́n fún un ní máàkì tó dára, kì í ṣe èyí tó ga jù lọ. Wọn kò tíì kọ́ gbàgede náà. Iṣẹ́ àṣekágbá ilé ìwé ló ṣì jẹ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kó mọ̀ pé orúkọ ẹ̀yà tí a kọ sórí ìwé kì í sọ bí ènìyàn ṣe ń lo ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́, ọjọ́ orí, àkókò, àti bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Kí ó kí àwọn tó ni àdúgbò kó tó wọn ilẹ̀ wọn. Bí àwọn kan kò bá sí lórí ìwé rẹ̀, kó wá ọ̀nà wọlé tọ̀ wọ́n lọ, tàbí kó rán ẹni tó lè wọlé. Kó sì wá ibi tí ìjà kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀, kó yà á dáadáa, nítorí pé ìyẹn wà lágbára wa ju ìṣọ̀kan lọ.

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ kù sí ni ẹ̀rọ omi náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbìmọ̀ àdúgbò ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. A ti rí ẹ̀rọ omi púpọ̀ ní ìlú yìí tí ìgbìmọ̀ ń tọ́jú tí ó ti gbẹ. Èmi fẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ onítíì ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà, kí gbogbo ẹni tó bá ń bu omi tajà máa dá owó díẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àtúnṣe. Òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń kẹ́yìn kúrò, bí omi ò bá sì yọ, kò lè gbé kẹ́tù rẹ̀ kaná.